Ẹ Má Fi Ẹ̀tẹ̀ Sílẹ̀ Pa Làpálàpá: Ọ̀rọ̀ Lórí Táńkì Epo Ọkọ̀ Àtijọ́

Táńkì epo ọkọ̀ àtijọ́ ni ọ̀rọ̀ wa lónìí: bí a ṣe ń mọ̀ pé ó ti bàjẹ́, ìgbà tó yẹ ká tún un ṣe, ìgbà tó yẹ ká pààrọ̀ rẹ̀, àti ohun tó lè gba ẹ̀mí ènìyàn nídìí iṣẹ́ náà. Volkswagen tí gbogbo wa mọ̀ sí Ìjàpá ni n ó fi ṣe àpẹẹrẹ. Ẹni tó ní Peugeot 504 tàbí Datsun àtijọ́ náà lè tẹ́tí sí wa, torí irin kan náà ni, epo kan náà ni.

Ọdún 1975 ni ilé iṣẹ́ Volkswagen ti Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ lójú ọ̀nà Badagry ní Èkó, Ìjàpá sì wà lára ohun tí wọ́n ń tò níbẹ̀. Ní gbogbo ayé, wọ́n ṣe ju mílíọ̀nù 21 lọ kí èyí tó kẹ́yìn tó jáde nílé iṣẹ́ wọn ní Mexico ní ọjọ́ 30 oṣù Keje ọdún 2003. Èyí tó kéré jù lọ́jọ́ orí nínú wọn ti lé ní 20 ọdún báyìí, ọ̀pọ̀ èyí tó sì kù lọ́wọ́ wa ti lé ní 40. Ẹ́ńjìnnì tó wà lẹ́yìn ọkọ̀ ni olówó rẹ̀ sábà máa ń kẹ́. Iwájú, lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, ni táńkì wà: irin pẹlẹbẹ méjì tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀, tí wọ́n sì jó pọ̀ létí. Epo bíi lítà 40 ló ń gbà. Kò sẹ́ni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò àyàfi bó bá bẹ̀rẹ̀ sí í jò.

Bó bá sì jò, ẹ mọ ohun tí a máa ń ṣe. Mẹkáníìkì á béèrè ọṣẹ. Á gé e díẹ̀, á fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú ihò náà, á fi í ra á títí, jíjò á sì dáwọ́ dúró níṣojú ẹni. Kì í ṣe idán. Epo bẹntiróòlù kì í yọ́ ọṣẹ bí omi ṣe ń yọ́ ọ, ìdí nìyẹn tí ọṣẹ fi lè dí i. Ọgbọ́n àgbà ni bí ọkọ̀ bá jò lójú ọ̀nà tí ilé sì jìnnà. Ṣùgbọ́n ìṣòro wa ni pé ọṣẹ tó yẹ kó gbé wa délé, òun la máa ń fi gun ọkọ̀ fún oṣù mẹ́fà. Nígbà tí òjò bá wá fọ ọṣẹ kúrò, a ó tún ra òmíràn sí i. Ẹ̀tẹ̀ la fi sílẹ̀ yẹn, làpálàpá la ń pa. Ihò tí a rí lóde kọ́ ni àìsàn táńkì. Ìpẹtà tó ń jẹ irin láti inú ni àìsàn náà.

Báwo ni ìpẹtà ṣe ń dénú ibi tí epo wà? Omi ló ń gbé e wọlé. Ní ìgbà òjò, bí táńkì bá wà ní ìdajì, afẹ́fẹ́ ló kún ìdajì tó kù, afẹ́fẹ́ náà sì kún fún ọ̀rinrin. Bó bá di òru tí irin bá tutù, ìrì á sẹ̀ sára irin nínú táńkì, á sì ṣàn lọ sísàlẹ̀. Lítà omi kan wọn kílò kan. Lítà epo bẹntiróòlù kan kò ju bíi gíráàmù 740 lọ. Nítorí náà, ìsàlẹ̀ epo ni omi ń sá lọ, ibẹ̀ ló sì máa jókòó sí. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé ìsàlẹ̀ táńkì ló ń kọ́kọ́ lu. Ibi kejì ni òrùlé rẹ̀ nínú lọ́hùn-ún, níbi tí epo kì í sábà dé láti bo irin. Fún Ìjàpá, ibi kẹta tún wà: etí tí táńkì fi jókòó lé ara ọkọ̀. Wọ́n máa ń tẹ́ nǹkan rírọ̀ sí abẹ́ etí yìí kí irin má baà máa ha irin. Bí rọ́bà ẹnu bọ́nẹ́ẹ̀tì bá ti gbó, omi òjò á máa wọlé, nǹkan rírọ̀ yẹn á mu ún, á sì gbé e mọ́ra lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀.

Epo fúnra rẹ̀ náà ní ẹjọ́ tirẹ̀. Ẹ ó rántí oṣù Kejì ọdún 2022, nígbà tí epo tí methanol pọ̀ jù nínú rẹ̀ wọ orílẹ̀-èdè wa, tí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ sì kú sójú ọ̀nà. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ wa láti Lọ́ńdọ̀nù, láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 2021 ni epo E10 ti di epo gbogbogbòò lọ́dọ̀ yín, èyí tí ethanol inú rẹ̀ lè tó ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún. Ethanol ń fa omi mọ́ra, ó sì ń jẹ rọ́bà àtijọ́. Bí ọkọ̀ bá gúnlẹ̀ pẹ́, bí omi inú epo náà bá sì ti pọ̀ jù, omi àti ethanol á jọ yà kúrò lára epo, wọ́n á jọ lọ sí ìsàlẹ̀ táńkì. Ẹni tó ní ọkọ̀ àtijọ́ níbẹ̀, E5, tí ethanol rẹ̀ kéré sí ti E10, ni kó máa rà.

Ẹ jẹ́ ká wá wo àmì tí táńkì fi ń ké gbàjarè kó tó jò. Èkíní, ọkọ̀ á rìn dáadáa, á ṣàdédé kú lójú ọ̀nà. Ẹ ó dúró díẹ̀, ẹ ó tún un tà, á dìde, á tún rìn díẹ̀, á tún kú. Bí ẹ bá tú fítà epo, tí ẹ bá dà á sórí aṣọ funfun, tí ẹ sì rí iyẹ̀fun pupa, ìpẹtà nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ ṣí ìdérí táńkì ná. Bí ẹ bá gbọ́ tó fa afẹ́fẹ́ sínú, “fììì,” tí ọkọ̀ sì tún ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn náà, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ojú èémí táńkì ló dí, tí afẹ́fẹ́ kò rọ́nà wọlé rọ́pò epo tó ń jáde. Ìyẹn kò la ìnáwó ńlá lọ. Àmì kejì ni òórùn epo nínú ọkọ̀, pàápàá lẹ́yìn tí ẹ ra epo kún. Ẹ má ṣe ṣí fèrèsé kí ẹ sì máa lọ. Iwájú yín gan-an ni táńkì Ìjàpá wà, bó bá sì gbiná, ẹ̀yin ló máa kọ́kọ́ bá.

Mo dé ibi tí mo fẹ́ kí gbogbo ilé gbọ́. Táńkì tí a ti fa epo inú rẹ̀ gbẹ kò tíì ṣófo. Epo bẹntiróòlù kì í jó nígbà tó ṣì jẹ́ ohun olómi. Afẹ́fẹ́ tó ń jáde lára rẹ̀ ló ń jó, afẹ́fẹ́ tí imú ń gbóòórùn ṣùgbọ́n tí ojú kì í rí. Bí afẹ́fẹ́ epo yìí bá wà láàárín ìdá 1.4 sí 7.6 nínú ọgọ́rùn-ún, iná kékeré kan ti tó kí gbogbo rẹ̀ bú gbàmù. Nínú táńkì tó kún, àyè kò sí fún àdàlù bẹ́ẹ̀. Èyí tí a ti gbọ́n gbẹ, tí a wá ń gbé kiri bí ohun tí kò léwu mọ́, inú rẹ̀ gan-an ni àdàlù náà ti ń pé. Ẹ má sọ pé ẹ ti ṣí i sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Epo máa ń sá pamọ́ sínú ìpẹtà àti sí ojú ibi tí wọ́n ti jó irin pọ̀, bí iná jórinjórin bá sì ti kàn án, á tú jáde. Afẹ́fẹ́ yìí tún wúwo ju afẹ́fẹ́ lásán lọ ní ìlọ́po mẹ́ta sí mẹ́rin, nítorí náà ilẹ̀ ló ń rá lọ. Ó lè rá lọ bá ẹni tó ń dáná ní ìsọ̀ kejì, tàbí kó kún inú kòtò tí mẹkáníìkì ń wọ̀ láti ṣiṣẹ́ lábẹ́ ọkọ̀.

Nítorí náà, ìta gbangba ni kí ẹ ti fa epo. Ẹ kọ́kọ́ tú bátìrì. Ti Ìjàpá wà lábẹ́ àga ẹ̀yìn. Ẹ gbé ẹ̀rọ panápaná sítòsí, kí ẹni tó ń mu sìgá jìnnà, kí fóònù wà nínú àpò. Ẹ má sì fi ẹnu fa epo. Mo mọ̀ pé àwa náà rí i lọ́wọ́ ọ̀gá wa, ṣùgbọ́n epo tó bá bá ọ̀nà ọ̀fun bọ́ sínú ẹ̀dọ̀fóró lè pa ènìyàn. Ẹ lo pọ́ǹpù ọlọ́wọ́, kò wọ́n. Bí ẹnikẹ́ni bá sì gbé epo mì, ẹ má fún un ní epo pupa, ẹ má jẹ́ kó bì, torí bó bá ń bì í síta ni epo máa wọ ẹ̀dọ̀fóró. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ kíá.

Yíyọ táńkì Ìjàpá kúrò kò le. Bọ́ọ̀tì mẹ́rin ló dì í mú, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní igun. Wáyà géèjì wà lórí rẹ̀, họ́ọ̀sì epo wà nísàlẹ̀. Ẹni tó ní èyí tó ti dàgbà gan-an, tí wọ́n ṣe ṣáájú ọdún 1961, kò ní rí géèjì kankan: lẹ́fà kan wà nísàlẹ̀ níbi ẹsẹ̀ tí awakọ̀ máa ń yí bí epo bá fẹ́ tán, kó lè lo ìwọ̀nba tó kù délé epo. Bí ẹ bá ti tú họ́ọ̀sì, ẹ gé e sọnù. Họ́ọ̀sì tó ti le tó sì ti sán, ti ìdí ẹ́ńjìnnì pàápàá, wà lára ohun tó ti dáná sun Ìjàpá jù lọ. Owó kékeré lẹ ó fi ra tuntun.

Bí táńkì bá ti wà nílẹ̀, ẹ fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ̀ ọ́ léraléra títí òórùn á fi lọ. Omi tí ẹ fi fọ̀ ọ́, ẹ má dà á sí gọ́tà tàbí sẹ́bàá kànga. Ẹ wá fi tọ́ọ̀ṣì wo inú rẹ̀. Bí irin bá ń dán, tí ìpẹtà sì wà lójú kan péré, a lè tún un ṣe. Bó bá jẹ́ pé gbogbo ìsàlẹ̀ ló pọ́n, tí ó ń ṣí bí èèpo, ẹ mú orí sukurudíráfà, kí ẹ fi gún ìsàlẹ̀ náà láti ìta, ẹ má ṣe ṣàánú rẹ̀. Irin tó bá tẹ̀ wọlé lábẹ́ ọwọ́ kò lè gba àtúnṣe.

Kí ẹ tó pinnu, ó yẹ kí ẹ yọ ìpẹtà náà, torí òun gan-an ló sábà máa ń dí ihò tí ẹ kò rí. Ọ̀nà tó rọrùn ni kí ẹ da ìwọ̀nba ẹ̀wọ̀n irin tàbí nọ́ọ̀tì sínú táńkì, kí ẹ mì ín títí, kí ẹ wá da fínígà kún un fún ọjọ́ kan tàbí méjì. Ásíìdì tó lágbára máa ń jẹ irin tó dára pọ̀ mọ́ èyí tó bàjẹ́, ẹ yàgò fún un. Ọ̀nà mìíràn wà fún ẹni tó ní ṣájà bátìrì: ẹ pọn omi kún táńkì, ẹ po sódà ìfọṣọ sínú rẹ̀, ṣíbí ìjẹun kan sí lítà mẹ́rin omi. Ẹ fi ọ̀pá irin lásán kọ́ sí àárín omi náà, kó má kan ara táńkì. Ẹnu ṣájà tó jẹ́ pọ́sítíìfù lọ sára ọ̀pá, nẹ́gẹ́tíìfù lọ sára táńkì. Omi á máa hó wẹ́wẹ́, ìpẹtà á di dúdú, á sì rọ̀ débi pé fífọ̀ lásán á gbé e jáde. Gáàsì tó ń jáde nígbà náà máa ń jó, nítorí náà ìta ni iṣẹ́ yìí, kí ẹ sì pa ṣájà kí ẹ tó fọwọ́ kan wáyà. Ọ̀pá náà kò gbọdọ̀ jẹ́ irin tí kì í dípẹtà, torí májèlé ló ń tú sínú omi.

Lẹ́yìn èyíkéyìí nínú méjèèjì, ẹ fi omi fọ̀ ọ́. Bó bá jẹ́ fínígà ni ẹ lò, ẹ po bẹkin sódà mọ́ omi yẹn láti pa agbára rẹ̀. Ẹ gbẹ ẹ́ lójú ẹsẹ̀ pẹ̀lú afẹ́fẹ́ gbígbóná, torí irin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ra sílẹ̀ lè tún pọ́n kí ilẹ̀ tó ṣú. Ìgbà yìí ni ẹ ó mọ òtítọ́. Táńkì tó ń jò lójú kan lánàá lè ti di ajere. Ẹ má bínú sí fínígà, òun kọ́ ló lu ú. Ó kàn sọ ohun tó wà níbẹ̀ ni. Bí ihò bá jẹ́ ọ̀kan tàbí méjì, tí irin àyíká wọn sì nípọn, ẹ tún un ṣe. Bí wọ́n bá fọ́n káàkiri ìsàlẹ̀, tàbí bí etí tí wọ́n jó pọ̀ bá ti ń tú, ẹ wá owó òmíràn.

Ihò kékeré kò nílò iná rárá. Gọ́ọ̀mù tó jẹ́ oríṣi méjì tí wọ́n ń pò pọ̀ lè dí i, bí ẹ bá fi sáńpépà ha irin náà títí yóò fi dán, tí ẹ sì rí i dájú pé epo kò lè yọ́ gọ́ọ̀mù ọ̀hún. Àwọn tó ń tún rédíétọ̀ ṣe lè fi òjé dí i. Bó bá gba kí wọ́n fi irin lẹ̀ ẹ́, jórinjórin lẹ ó gbé e lọ bá. Èyí tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í tanná wìn kó tó béèrè ohun tó ti wà nínú táńkì náà. Á tún un fọ̀ fúnra rẹ̀, bí ẹ tilẹ̀ búra fún un pé ẹ ti fọ̀ ọ́. Á wá pọn omi sínú rẹ̀, á yí i kí ojú tó fẹ́ jó wà lókè, omi á kún títí dé abẹ́ ojú náà, kí afẹ́fẹ́ má ní àyè ju díẹ̀ lọ. Á sì fi gbogbo ẹnu táńkì sílẹ̀ láìdé. Àwọn mìíràn ń fi gáàsì tí kì í jó lé afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde. Ẹni tó bá fi imú gbóòórùn rẹ̀ tó ní “kò sí nǹkan kan níbẹ̀,” tó sì na ọwọ́ sí iná, ẹ gbé táńkì yín, kí ẹ máa bá tiyín lọ.

Oògùn kan tún wà tí wọ́n ń dà sínú táńkì láti fi bo irin láti inú. Ó dára, bí táńkì bá gbẹ fúrúfúrú, tí òróró tàbí ìpẹtà kò sì kù síbẹ̀. Ẹni tó bá dà á lé ìdọ̀tí lórí, láìpẹ́ á ṣí kúrò bí awẹ́ bí awẹ́, á sì dí ẹnu ọ̀nà epo. Ìyọnu yẹn ju ti àkọ́kọ́ lọ. Kò sì fún irin tó ti jẹrà lágbára.

Ẹni tó bá fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀ ńkọ́? Wọ́n ṣì ń ṣe táńkì tuntun fún Ìjàpá, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo wọn ló bára mu. Títí di ọdún 1967, abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì ni a ti ń bu epo sí i. Láti èyí tí wọ́n pè ní ti 1968, ẹnu rẹ̀ ti bọ́ síta, ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún iwájú. Àwọn 1302 àti 1303, tí iwájú wọn gùn díẹ̀, táńkì tiwọn tún yàtọ̀. Ẹ gbé ti àtijọ́ dání lọ sọ́jà, ẹ wo ọrùn rẹ̀, ẹ wo ihò géèjì, ẹ wo ibi tí họ́ọ̀sì ń gbà. Bó bá jẹ́ tòkunbọ̀ lẹ fẹ́ rà, àyẹ̀wò tọ́ọ̀ṣì àti sukurudíráfà tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan ni kí ẹ ṣe fún un kí ẹ tó sanwó. Ọ̀dà tuntun lóde kì í ṣe ẹ̀rí ohun tó wà nínú.

Kí ẹ tó dè é padà, ẹ dán an wò. Ẹ dí gbogbo ẹnu rẹ̀, ẹ fi pọ́ǹpù kẹ̀kẹ́ fẹ́ ẹ díẹ̀, ẹ fi omi ọṣẹ pa á lára. Ibi tó bá ń yọ ìfófó ló ń jò. PSI méjì tàbí mẹ́ta ti tó o. Táyà ọkọ̀ ń gba bíi 30, nítorí náà ẹ má gbé táńkì lọ sọ́dọ̀ fọkanáísà, á wú bàjẹ́ ni. Ẹ ra gáskẹ́ẹ̀tì tuntun sídìí géèjì, ẹ tẹ́ nǹkan rírọ̀ tuntun sábẹ́ etí rẹ̀, ẹ fi fítà tuntun sí i. Ẹ bu lítà márùn-ún péré sí i ná, ẹ fi ọwọ́ gbígbẹ pa gbogbo ojú ìdè, kí ẹ tó bu ìyókù. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ tún fítà náà wò. Láti ìgbà náà lọ, bí ọkọ̀ bá máa gúnlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ẹ jẹ́ kí táńkì kún, kí ìrì má ríbi sẹ̀ sí. Bó bá máa ju oṣù mélòó kan lọ, ẹ fa epo náà jáde, torí epo tó pẹ́ jù á di oje.

Ẹ̀yin olùgbọ́ wa, àkókò wa ti ń lọ. Bí ẹ kò bá tilẹ̀ fọwọ́ kan sípánà rí, ìbéèrè mẹ́ta wà tí olówó ọkọ̀ lẹ́tọ̀ọ́ láti bi ẹni tó ń bá a ṣiṣẹ́. Kí lo rí nínú táńkì yẹn, kì í ṣe lóde? Kí lo fi lé afẹ́fẹ́ epo inú rẹ̀ jáde kí o tó tanná? Báwo lo ṣe dán an wò lẹ́yìn tí o parí? Bí ìdáhùn rẹ̀ bá yé yín, ẹ sanwó rẹ̀ tayọ̀tayọ̀. Bó bá ń ṣe ẹ̀rín, tó ní “ọ̀gá, ẹ fi sílẹ̀, iṣẹ́ wa ni,” iṣẹ́ rẹ̀ ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀yin àti àwọn ọmọ yín lẹ ó jókòó tì táńkì náà.